Pèpéle onípákó l'Ábùjá: ìdí tí fáníìṣì fi ń bó, àti ohun tó yẹ ká fi pa igi

Lóṣù kẹjọ ọdún kan, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo sanwó fún pẹ́ńtà kan kó wá fi fáníìṣì kun pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Kubwa. Ó dán bíi dígí. Kí Kérésì tó dé, ó ti ń bó bí awọ ejò, abẹ́ ibi tó bó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pe pẹ́ńtà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáníìṣì ayédèrú ni wọ́n tà fún wa o." Mo gbà á gbọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ra èyí tó wọ́n jù lọ́jà, mo wá ẹlòmíràn, oṣù kẹjọ náà la tún kùn ún. Ó tún bó.

Kì í ṣe èmi nìkan. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, gbogbo ẹni tó ní irú pèpéle yìí ládùúgbò wa ló máa ń wá ìmọ̀ràn kiri. Ẹnì kan á ní kí wọ́n fi Jik fọ̀ ọ́. Ẹlòmíì á ní òróró ẹ́ńjìnnì tó ti jóná ni oògùn rẹ̀. Ẹnì kẹta á ní "ẹ lọ ra sílà", kò ní sọ irú sílà wo. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n máa rà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa igi fúnra rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tí igi ń ṣe nínú òjò àti nínú ọyẹ́ ni n kò ti pàdánù owó mọ́.

Kí ni dẹ́ẹ̀kì, kí ni sílà?

Dẹ́ẹ̀kì ni orúkọ tí àwọn tó ń ya àwòrán ilé ń pe pèpéle tí a fi pákó tò síta, tí kò ní òrùlé, tí àlàfo tín-ín-rín wà láàárín pákó kan sí èkejì kí omi lè ráyè ṣàn lọ. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìbòrí, èyí kò ní, òun àti oòrùn ló jọ ń wojú ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Sílà ni ọ̀rọ̀ tó ń da gbogbo ènìyàn rú. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju ohunkóhun tí a bá fi dí ojú igi kó má baà mu omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà tí ẹ kàn ní "ẹ fún mi ní sílà", èyí tí wọ́n máa gbé fún yín ni sanding sealer, tí àwọn tó ń ṣe àga àti ilẹ̀kùn máa ń kùn kí wọ́n tó fi èyí tó ń dán lé e lórí. Inú ilé niṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ gbé e síta sínú òjò Ábùjá, kò ní pẹ́ kó tó sọ ara rẹ̀ di funfun báláú.

Bákan náà ni oògùn ikán, irú Solignum tí káfíńtà ń kùn sí igi òrùlé. Ikán àti kòkòrò ni wọ́n ń torí ẹ̀ kùn ún. Ó dára kí a kọ́kọ́ kùn ún sí abẹ́ pákó tó bá súnmọ́ ilẹ̀, pàápàá níbi tí òkìtì ikán bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ rò pé ẹ ti gba igi lọ́wọ́ òjò. Iṣẹ́ méjì ni.

Kí ni òjò àti ọyẹ́ ń fojú igi rí?

Ẹ rántí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí a fi ń fa omi mu nígbà tí a wà lọ́mọdé. Igi dà bí ìgbà tí a bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí a wá fi gúlúù lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Nígbà tí igi wà lóòró, àwọn ihò yẹn ló fi ń fa omi láti gbòǹgbò lọ sókè. A gé e, a là á, a sọ ọ́ di pákó, síbẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀: omi tó bá kàn án, ó ń fà á. Ibi tó sì ti ń fà á jù ni orí méjèèjì tí a ti fi ayùn gé, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ihò là sí. Ẹ lọ wo pèpéle tó bá ti gbó, orí pákó ló máa ń kọ́kọ́ rà.

Ní Ábùjá, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì ń dá ní oṣù kẹwàá. Láàárín ìgbà náà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọyẹ́ á wá dé láti aṣálẹ̀ Sàhárà pẹ̀lú eruku rẹ̀, ọ̀rinrin á sì lọ sílẹ̀ ju ìdá 30 lọ lọ́sàn-án, ètè á máa sán, gìgísẹ̀ á máa là. Igi náà ń gbọ́ ọ. Pákó tí omi inú rẹ̀ súnmọ́ ìdá 18 lóṣù kẹjọ lè ṣẹ́ kù sí nǹkan bí ìdá 7 nígbà tí ọyẹ́ bá mú dáadáa. Bí omi bá jáde, igi á sún kì. Kì í kúrú o, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń dín. Pákó ìrókò tó fẹ̀ tó íǹsì mẹ́fà lè fi nǹkan bíi mìlímítà 3 dín láàárín òjò àti ọyẹ́, kó sì tún fẹ̀ padà bí òjò bá dé. Lọ́dọọdún ni.

Ibi tí wàhálà fáníìṣì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fáníìṣì kì í wọ inú igi, ó ń dúró sókè bí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Nígbà tí igi bá sún kì, ọ̀rá yẹn kò lè bá a sún. Á sán fínnífínní, níbi tí ojú lásán kò ti ní rí i. Òjò àkọ́rọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Oòrùn á mú, omi á fẹ́ jáde, ọ̀rá tó ṣẹ́ kù kò ní jẹ́ kó jáde. Inú omi tó há yẹn ni igi ti ń bu, tó ń dúdú. Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oṣù kẹjọ ni mo kùn ún: igi ti mu omi yó kí n tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ fáníìṣì ọba ni mo rà, bíbó ni yóò bó.

Oòrùn náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Òun ló ń ba gúlúù tó so igi pọ̀ jẹ́, ohun tó sì kù á di eléérú. Ẹ fiyè sí i: igi tó di eléérú kò tíì bàjẹ́. Awọ òkè lásán ni, kò nípọn. Ẹlòmíì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹjọ́. Èyí tó dúdú ni ó ti bu. Èyí tó rọ̀ tí èékánná ń wọ̀ ni ó ti ń rà. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a kì í lo oògùn kan náà fún un.

Ṣé òróró ló dáa ni àbí fáníìṣì?

Nínú ọyẹ́, ta ló ń fi ọ̀rá wé ara? Òrí là ń fi pa ara, ó ń wọ awọ lọ, ara á rọ̀, awọ á sì tún máa mí. Òróró igi ló dà bí òrí. Ó ń wọ inú ihò wọ̀nyẹn, ó ń gba àyè tí omi ìbá gbà. Bí igi bá fẹ̀, bó bá sún kì, kò sí ọ̀rá lókè tó máa sán. Kì í bó. Ó kàn ń ṣá díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ó sì tún fi òmíràn pa á láìjẹ́ pé ẹ ń ha ohunkóhun kúrò. Fún pèpéle tí kò ní òrùlé, èmi kò rí ìdí tí ènìyàn á fi máa kun fáníìṣì. Ẹ fi fáníìṣì sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn.

Ìyàwó mi bi mí léèrè pé, bó bá jẹ́ òróró náà ni, kí ló ṣe òróró ẹ̀pà inú ilé ìdáná? Ìbéèrè tó dáa ni. Òróró kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí atẹ́gùn máa ń sọ di líle: òróró linseed, tí wọ́n ń fún lára irúgbìn flax, àti òróró tung, tí wọ́n ń fún lára èso igi kan láti China. Bí wọ́n bá wọ inú igi, wọ́n ń gbẹ síbẹ̀ ni. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á máa mú eruku, wọ́n á kan, èèrà á sì gbọ́ òórùn wọn láti Zuba.

Òróró linseed lásán náà ní àléébù: ó máa ń bu níbi tí òjò bá ti pọ̀. Èyí tí ẹ máa wá ni òróró tí wọ́n ṣe fún igi ìta, tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé ó ní ohun tí kò jẹ́ kó bu nínú. Ẹ mú èyí tó ní àwọ̀ díẹ̀, bíi ti tíì. Èyí tó mọ́ gaara bí omi kò fi bẹ́ẹ̀ lè dá oòrùn dúró. Àwọ̀ yẹn gan-an ni agboòrùn igi.

Ní ti òróró ẹ́ńjìnnì tó ti jóná, mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kì í gbẹ, ó ń ta sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, májèlé irin wẹ́wẹ́ inú ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, òjò á sì fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀ tí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí. Ẹ jọ̀ọ́.

Irú igi wo lẹ fi ṣe é?

Mo mú ẹ̀já pákó kan lọ sọ́dọ̀ bàbá káfíńtà ará Ìsẹ́yìn kan tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọjà pákó Dei-Dei. Kò tiẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé e lé ọwọ́, ó mi orí, ó fi ọ̀bẹ ha a díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ọmọ mi, àrẹrẹ rèé. Ta ló fi èyí ṣe ibi tí òjò ń pa? Ẹ gbé e wò bó ṣe fúyẹ́." Ó wá mú ẹ̀já ìrókò kan lé mi lọ́wọ́ kejì. Ìyàtọ̀ wọn dà bí ti búrẹ́dì àti iṣu.

Ìrókò, apá, òpèpè àti tíìkì ní ohun kan nínú ara wọn tí olú àti kòkòrò kò fẹ́ràn. Wọ́n lè pẹ́ níta. Àrẹrẹ àti àfàrà dáa fún inú ilé. Níta, òróró kankan kò lè sọ wọ́n di ìrókò. Bí ẹ bá sì ní pákó tí wọ́n fi rọ́bà àti lẹ́búlẹ́bú igi pò, irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé báyìí, kò nílò òróró rárá, kò tilẹ̀ ní fà á. Ọṣẹ àti omi ti tó o.

Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́?

Ẹ kọ́kọ́ gbálẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu tín-ín-rín yọ ewé àti erùpẹ̀ pupa tó ti há sáàárín pákó. Ibẹ̀ ni omi ń dúró sí. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ nínú omi, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ tẹ̀lé ìlà igi, ẹ má ṣe dábùú rẹ̀. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ẹ̀rún irin á há sínú igi, á dípẹtà, ẹ ó sì rí àmì dúdú tóótòòtó káàkiri.

Àmì dúdú yẹn náà ló máa ń yí orí ìṣó ká. Bí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ irin àtijọ́ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú rí, ẹ ti rí bí ọwọ́ àti ọ̀bẹ ṣe ń dúdú. Ohun kan náà ni: oje igi pàdé irin. Oxalic acid, ásíìdì kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ló ń mú un kúrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bo ojú, ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè dín àbàwọ́n kékeré kù. Bí ẹ bá ń tún pákó tò, ìṣó onírin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà.

Ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ńkọ́? Ó yá, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń gbẹ́ ibi tó rọ̀ lára igi, á wá fi ibi tó le sílẹ̀ bí egungun ìhà. Pákó á hu irun, ẹ̀gún á sì máa wọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Bó bá di dandan, kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, kí wọ́n sì jìnnà sí igi.

Ní ti Jik: ó ń mú kí dúdú funfun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ igi fúnra rẹ̀ lójú, ó sì ń mú kí ìṣó dípẹtà. Ohun ìfúnfun oní-oxygen, lẹ́búlẹ́bú tó ń hó nínú omi gbígbóná tí wọ́n fi ń fọ aṣọ aláwọ̀, ló yẹ pákó tó ti bu. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ má po Jik mọ́ ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn láé. Èéfín rẹ̀ lè pààyàn.

Ìgbà wo ló yẹ ká kùn ún?

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ mú ibí yìí. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó lè mu òróró. Agbada tó kún fún omi kò lè gba epo. Ní Ábùjá, àyè tó dára jù ni láti ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá: òjò ti lọ, eruku ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn, kí ẹ tó ṣí agolo. Bí ọyẹ́ bá ti dé pátápátá, eruku á bà lé òróró tútù, pèpéle yín á dà bí awẹ sánpépà. Ẹ dúró de ìparí oṣù kejì nígbà náà, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí ẹ sì ṣe é láàárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ, kí oòrùn tó gbóná.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó àsìkò? Ẹ ta omi díẹ̀ sójú pákó. Bí omi bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, òróró tó wà níbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Báwo la ṣe ń fi òróró pa á?

Bí fáníìṣì àtijọ́ bá wà lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Òróró kò lè gba ara ọ̀rá kọjá. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi ha tèmi, ọwọ́ mi sì ro mí débi pé n kò lè gbé kọ́ọ̀bù omi dáadáa. Sánpépà nọ́ńbà 60 sí 80 ló yẹ. Èyí tó kúnná jù ń dí ẹnu ihò igi. Ẹ fi nǹkan bo imú, nítorí lẹ́búlẹ́bú ìrókò ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, títí kan awọ ara.

Ẹ wá fi òróró pa á ní ìba díẹ̀, tẹ̀lé ìlà igi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pákó, níbi tí wọ́n ti gé e, ibẹ̀ á mu un bí ọmọ tó ti inú oòrùn dé. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo èyí tí igi kò bá mu. Ibí ni ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ti ń ṣe àṣìṣe, wọ́n rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Òróró tí igi kò mu, ojú ni yóò dúró sí, á máa lẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àkísà yẹn ńkọ́? Ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí òróró linseed bá ń gbẹ, ooru ló ń mú jáde, bí àkísà bá sì wà ní ìká, ooru kò ní rí ọ̀nà lọ, á gbóná títí á fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1991, àkísà olóróró linseed ló dá iná tó jó ilé alájà 38 kan tó ń jẹ́ One Meridian Plaza ní ìlú Philadelphia, l'Amẹ́ríkà. Panápaná mẹ́ta ló kú sí i. Ẹ tẹ́ àkísà sórí ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi gbẹ gbanja, tàbí kí ẹ rì í sínú agolo omi kí ẹ dé e.

Kí la ó máa ṣe láàárín ọdún?

Kò pọ̀. Ẹ máa gbá ewé kúrò, ẹ gbé ìkòkò òdòdó lé orí ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jókòó lé igi, nítorí abẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ tẹ́ páànù sábẹ́ ibi tí ẹ ti ń yan súyà. Ọ̀rá ẹran máa ń wọ inú igi.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ pèpéle náà, kí ẹ mú sukudiráfà dání. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ gún àwọn igi ìdábùú tó gbé pákó dúró, pàápàá ibi tí ìṣó ti wọlé àti ibi tó kan ilẹ̀. Bó bá le tí kò wọlé, ẹ máa lọ sọ́jà. Bó bá rì wọlé bí ìgbà tí a fi ìka tọ iṣu jíjẹrà, ẹ fi òróró sílẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ pe káfíńtà.